Ṣé kí n kọ́ sọ́fítíwíà tèmi ni, àbí kí n ra èyí tó ti wà?

ÌBÉÈRÈ: Súpámákẹ́ẹ̀tì méjì ni mo ní n'Íbàdàn, mo sì fẹ́ ṣí ìkẹta. Oṣooṣù la ń sanwó sọ́fítíwíà tá a fi ń tajà, ó ti sú mi. Ọmọ kan ní òun á kọ tèmi fún mi, kí n sanwó lẹ́ẹ̀kan, á di tèmi títí láé. Ṣé kí n gbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú òwò, ajé á wọlé o. Ẹ má tíì gbà. Ọ̀rọ̀ "sanwó lẹ́ẹ̀kan" yìí ti sú mi í gbọ́, torí kò sí sọ́fítíwíà tí wọ́n ń sanwó ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èmi tí mo ń sọ ọ́ yìí, kíkọ ọ́ ni mo fi ń jẹun.

Server tó máa gbé e, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kì í sùn tọ̀sán-tòru, owó ni, dọ́là sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Ká ní ọdún 2019 lẹ kọ́ tiyín, nígbà tí ìjọba gbé VAT, ìyẹn owó orí ọjà, kúrò ní 5% lọ sí 7.5% ní February 2020, ta ni ì bá bá yín yí i? Tí ọmọ yẹn bá ti jápa lọ Kánádà ńkọ́? Ara iṣẹ́ tí owó oṣooṣù tó ń dùn yín yẹn ń ṣe nìyẹn.

Màmá kan pè mí sí ṣọ́ọ̀bù wọn láìpẹ́ yìí, mo dé bẹ̀, kọ̀ǹpútà ní páálí mílíìkì tó kù jẹ́ -14, bẹ́ẹ̀ páálí mílíìkì rèé tí wọ́n tò kan àjà. Ẹni tó kọ ọ́ ò bi wọ́n bóyá wọ́n ń tú páálí ta, bí wọ́n bá ti ta agolo kan, odidi páálí ló ń yọ! Mo ní kí n bá wọn tún un ṣe, source code, ìyẹn ohun tí wọ́n kọ tí sọ́fítíwíà fi ń ṣiṣẹ́, ò sí lọ́wọ́ wọn, email ẹni tó kọ ọ́ ló fi gba server, nọ́ńbà ẹ̀ ò sì lọ mọ́. Ìwé ni ọmọbìnrin tó ń gbowó ń kọ ọjà sí nígbà tí mo ń jáde, inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ bá ní nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe sọ́fítíwíà fún, kó kọ́ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ká tajà, ká kọ gbèsè, ká mọ ọjà tó kù, wọ́n ti ṣe é tán. Tó bá jẹ́ ẹ ò fẹ́ wà lábẹ́ ẹnikẹ́ni, àwọn sọ́fítíwíà bí ERPNext àti Odoo Community wà, gbangba ni source code wọn wà, ẹ lè gba èèyàn kó tún ibi tí ò bá yín mu ṣe, ìyẹn náà á gbowó o.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n kó orúkọ ọjà àti gbèsè jáde sí Excel lójú yín. Ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á ṣì tajà. N ò tíì rí ṣọ́ọ̀bù yín, n ò sì rí ìwé àdéhùn yín, torí náà ẹ jẹ́ kí lọ́yà kà á kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ọmọ yẹn náà, ẹ bi í pé èló ló máa gbà lọ́dọọdún láti máa tọ́jú ẹ̀. Tó bá ní òun ò ní gba kọ́bọ̀, ẹ yáa jẹ́ kó máa lọ.