Ṣé Kí N Ra Fìláàṣì Ni àbí Lẹ́ǹsì?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ olórin kan ní kí n wá máa ya àwọn tí wọ́n bá ń ṣeré lálẹ́. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo fọ́tò ló dúdú, èyí tí ò dúdú náà ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Lẹ́ǹsì tó bá kámẹ́rà wá náà ni mò ń lò. Ṣé kí n ra fìláàṣì ńlá ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kówó yẹn ṣì wà lápò ná. Fìláàṣì ò burú, ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lò ó sí yẹn ni ò dáa. Iná pupa, iná búlúù tí wọ́n tàn sórí ìtàgé ló ń jẹ́ kí eré dùn ún wò, ẹ wá lọ tan iná funfun gbàà sí i, gbogbo ẹ̀ á pòórá, olórin á wá dà bí ẹni tó ń ya fọ́tò páṣípọ́ọ̀tù. Tẹ́ ẹ bá tún wá jìnnà, ìpàkọ́ àwọn tó wà níwájú yín niná yẹn máa bà, torí tí ibi tó ń lọ bá fi lè jìn ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ péré ló máa débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi gan-an, orin mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ yà, láìsí fìláàṣì.

Lẹ́ǹsì yẹn gan-an ni wàhálà. Ẹ wo iwájú ẹ̀, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí 3.5-5.6 níbẹ̀, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá ti fà á sún mọ́ olórin, ẹnu ẹ̀, ìyẹn ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, á kéré sí f/5.6. Ẹ wá lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 (nọ́ńbà kékeré ni ẹnu ńlá o, ó máa ń da èèyàn láàmú níbẹ̀rẹ̀), ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà á wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀.

Ní ti pé ó ń gbọ̀n, ẹ fi ṣọ́tà (bó ṣe ń yára ṣí, kó sì pa dé) sí 1/250 ìṣẹ́jú àáyá, tó bá jẹ́ onílù, 1/500. Lẹ́ǹsì tó ń dènà gbígbọ̀n, ọwọ́ tiyín ló ń mú dúró, kò mú olórin tó ń fò sókè dúró. Ẹ wá gbé ISO (bí kámẹ́rà ṣe máa fi ìmọ́lẹ̀ kékeré ya fọ́tò tó) lọ sí 3200, kódà 6400, ẹ má bẹ̀rù. Èmi náà bẹ̀rù ẹ̀ nígbà kan, mo ya eré odidi alẹ́ kan ní ISO 400 torí wọ́n ní fọ́tò á dà bí èyí tí wọ́n fọ́n yanrìn sí, nígbà tí mo délé, ẹyọ kan ló dáa, ibi tí olórin ti dúró mumi! Fọ́tò tó ní yanrìn ṣì ṣeé wò jàre, èyí tó gbọ̀n ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀yìn ìtàgé tó dúdú tún máa ń tan kámẹ́rà jẹ, á rò pé ilẹ̀ ṣú jù, á wá sọ ojú olórin di funfun báláú. Ẹ fi mítà (ohun tí kámẹ́rà fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) sí spot, kó lè wo ibi kékeré kan ṣoṣo, ẹ dojú ẹ̀ kọ ìwájú orí olórin, kẹ́ ẹ sì máa yà á ní RAW (fáìlì tẹ́ ẹ ṣì lè tún àwọ̀ ẹ̀ ṣe dáadáa lẹ́yìn náà) torí iná pupa yẹn. Tó bá ti ń kọrin lọ, máíìkì ló máa bo ẹnu ẹ̀, ẹ dúró dìgbà tó bá parí ẹsẹ kan tó fà sẹ́yìn díẹ̀ láti mí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí mo ti lè fọwọ́ sí fìláàṣì ni yàrá kékeré tí àjà ẹ̀ funfun tí ò sì ga, ẹ kọ ojú ẹ̀ sókè, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn olórin ná o.