Èsì: Ọwọ́ ọmọ mi máa ń gbọ̀n bó bá fẹ́ tẹ dùùrù

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ ní ọwọ́ ọmọ yín, ọmọ ọdún 11, máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá ti pè é síwájú ìjọ láti tẹ dùùrù, ẹ sì béèrè bóyá mímí lè ràn án lọ́wọ́. Ó lè ràn án lọ́wọ́ gan-an.

Kó jókòó, kó gbé ọwọ́ lé ikùn. Kó fi imú fa èémí wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ títí ẹ ó fi ka 4, kó sì tú u síta títí ẹ ó fi ka 6. Ikùn ni kó wú, kí èjìká má gòkè. Èémí tó ń jáde ni kó pẹ́ jù, torí ìgbà tí a bá ń mí síta ni ọkàn máa ń dẹ eré rẹ̀. Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà dán mímí jẹ́ẹ́jẹ́ wò lára àwọn olórin 46. Àwọn tí ẹ̀rù ń bà jù ló ṣe láǹfààní jù.

Ẹ má jẹ́ kó máa mí hẹlẹhẹlẹ léraléra o, òòyì á kọ́ ọ. Ẹ má sì dúró dọjọ́ ìkórè ìjọ: ìṣẹ́jú 5 lálaalẹ́, kó tó fọwọ́ kan dùùrù, kí ó lè mọ́ ọn lára. Lọ́jọ́ náà, èémí mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀ ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má máa pariwo "má bẹ̀rù" mọ́ ọn. Ìyẹn ń dá kún un ni. Bí ìbẹ̀rù náà bá gba oorun tàbí oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ mú un lọ rí dókítà.