Gbéborùn, ọ̀sà àti kéèsì móòtì kan

Ẹ BI ÌYÁ ỌLỌ́SÀ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Ọmọ apẹja ni mí, ọmọ ọdún 31, Ìkòròdú ni mò ń gbé. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti wọlé, gbéborùn, ewé tó ń léfòó lójú omi yẹn, á bo ọ̀sà débi pé ọkọ̀ bàbá mi kò ní lè kúrò ní èbúté. Ìjọba á kó ẹ̀rọ wá, wọn á kó o fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn á ya fọ́tò, wọn á lọ. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ó ti tún dé. Bàbá mi ní kò sí ètò ìjọba kan láyé yìí tó lè wo ọ̀sà sàn. Èmi ní ó wà. A ti ta kéèsì móòtì kan lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá a. – Ọmọ Apẹja

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o jẹ móòtì, àmọ́ ìdajì kéèsì ni kí o gbà. Ohun tí bàbá rẹ fi ojú ara wọn rí ni wọ́n sọ.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọdún 22 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba nídìí ọ̀rọ̀ ẹja kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi náà sì wà lára àwọn tó ń kó gbéborùn tí wọ́n ń ya fọ́tò. Lọ́dún kan, ọ́fíìsì wa háyà àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n wọ omi, kí wọ́n máa fi ọwọ́ àti àdá kó o. Iye òkìtì tí kálukú bá kó jọ la fi ń sanwó fún un. Èmi ni mo di ìwé mọ́wọ́ tí mò ń ka òkìtì. Bèbè omi gan-an ni wọ́n ń kó o sí, nítorí kò sẹ́ni tó rántí fi owó mọ́tò tí yóò gbé e kúrò sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Òjò ọjọ́ kẹta gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú ọ̀sà. Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn ọ̀dọ́ tún kó o, mo tún kà á, a tún sanwó. Gbéborùn nìkan kọ́ ló ń sanra lọ́dún náà.

Ewé yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ojú oró àti òṣíbàtà ni àwọn baba wa mọ̀ lójú omi, àwọn ni wọ́n sì fi ń wúre. Gúúsù Amẹ́ríkà, ní agbègbè odò Amazon, ni gbéborùn ti wá. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí i lọ́dọ̀ tiwa, lójú omi Àgbádárìgì. Omi Àjàṣẹ́ ló gbà wọlé. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ bá a mu: kó tó kúrò nílé kan, ó ti dé ilé kejì. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí oúnjẹ sì wà nínú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì péré tó kí ó di ìlọ́po méjì. Èso rẹ̀ tó bá rì sínú ẹrẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún 20 ọdún kó tó hù.

Oúnjẹ wo ló ń jẹ? Ìgbẹ́ tí à ń yà sómi, omi ọṣẹ tí à ń dà sí gọ́tà, ajílẹ̀ tí òjò ń fọ̀ kúrò lóko. Ẹ̀rọ tó wá sí èbúté yín kò fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fún bàbá rẹ ní ìdajì kéèsì.

Ìdajì tìrẹ ńkọ́? Lọ́dún 1991, àwọn onímọ̀ IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, tó wà ní Calavi, lẹ́bàá Kútọnu, bá ìjọba orílẹ̀-èdè Benin tú kòkòrò kan sílẹ̀ sójú omi. Láti ibi tí gbéborùn ti wá ni wọ́n ti lọ mú ọ̀tá rẹ̀ wá. Mo dé Calavi lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin kan fa gbéborùn kan yọ nínú agbada omi, ó fi èékánná àtàǹpàkò la igi ewé rẹ̀, ibi tó wú bíi bọ́ọ̀lù yẹn. Inú rẹ̀ rí bíi fóòmù tìmùtìmù. Ìdin funfun kan wà níbẹ̀, ó ti gbẹ́ ihò bọ̀ láti òkè, ó dorí kọ ìdí ewé níbi tí ọ̀mùnú ti ń yọ. Ìyá rẹ̀ ń rìn lórí ewé: kòkòrò ẹlẹ́nu gígùn bí èyí tó máa ń wà nínú àgbàdo, kò gùn ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Ojú ewé kún fún àpá kéékèèké bí ẹni pé wọ́n fi èékánná họ ọ́. Mo bi í pé ṣé kò ní yà wọ oko ẹ̀gẹ́ wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ti dán an wò dáadáa kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, àti pé bí kò bá rí gbéborùn, ebi ni yóò pa á.

Kò yá o. Ọdún mélòó kan kọjá kí ojú omi tó mọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ iye rẹ̀. Nígbà tí gbéborùn gbilẹ̀ jù ní gúúsù Benin, àwọn onímọ̀ ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 84 dọ́là ló ń gbà lọ́wọ́ àwọn ará omi lọ́dún, wọ́n sì tó nǹkan bí 200,000 èèyàn. Iṣẹ́ kòkòrò yìí dá mílíọ̀nù 30 dọ́là àti ààbọ̀ padà fún wọn lọ́dọọdún. Gbogbo owó tí wọ́n ná sórí ètò náà kò ju mílíọ̀nù méjì dọ́là àti díẹ̀ lọ. Kò sì sẹ́ni tó dúró ti kòkòrò ya fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ tún wà nínú iyọ̀. Ìwọ náà á ti ṣàkíyèsí pé bí ọyẹ́ bá dé, tí omi òkun bá gba ẹnu odò Èkó wọlé, gbéborùn á pọ́n, á rọ, á rì. Kò lè fara da iyọ̀. Ní India, ní ìpínlẹ̀ Odisha, ọ̀sà kan wà tó ń jẹ́ Chilika, létí òkun bíi tiwa. Ẹrẹ̀ tí odò ń kó wá dí ọ̀nà tó fi ń mu omi òkun. Iyọ̀ dínkù, koríko omi bò ó, ẹja di ọ̀wọ́n. Lọ́dún 1993, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn àbàtà ayé tó wà nínú ewu lábẹ́ àdéhùn Ramsar, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dáàbò bo àbàtà. Ìjọba Odisha ti dá àjọ kan sílẹ̀ tó jẹ́ ti ọ̀sà yẹn nìkan. Àjọ náà kọ́kọ́ wá ìdí tí koríko fi ń hù. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, wọ́n gbẹ́ ẹnu tuntun fún un sínú òkun. Ẹja tí wọ́n pa ní 1999 sí 2000 kò tó 1,800 tọ́ọ̀nù. Ní 2001 sí 2002, ó ti lé ní 11,000. Lọ́dún 2002 náà ni wọ́n yọ orúkọ Chilika kúrò nínú ìwé ewu.

Má wá tìtorí èyí sáré lọ bá alága kánsù yín pé kó gbẹ́ ẹnu òkun o. Àwọn Faransé gbẹ́ ọ̀kan ní Kútọnu lọ́dún 1885, iyọ̀ wọ adágún Nokoué, irú ẹja tó ń gbé inú rẹ̀ sì yí padà. Àìsàn omi kan yàtọ̀ sí èkejì. Ní ti ọ̀sà yín, ẹ̀rọ wúlò kí ọkọ̀ lè rọ́nà kọjá, n kò ní kí wọ́n má gbé e wá. Ohun tí mo fẹ́ kí ìwọ àti ẹgbẹ́ apẹja yín béèrè nìyí: níbo ni wọ́n ń da èyí tí wọ́n kó sí, ta ló ń sin kòkòrò fún wa, ìgbà wo sì ni wọn yóò dí ojú gọ́tà tó ń da ìgbẹ́ sómi? Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí.

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ mà. Wọ́n fẹ́ ta pùlọ́ọ̀tì méjì fún mi létí àbàtà, wọ́n ní àwọn á da iyanrìn sí i kí oṣù tó parí. Owó rẹ̀ dùn-ún gbọ́. Ṣé kí n rà á? – Ìyá Ìbejì, Ajah

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ má san kọ́bọ̀. Àbàtà yẹn ni asẹ́ ọ̀sà. Òun ló ń sẹ́ ìdọ̀tí kí omi tó wọlé, òun ló ń gba àkúnya mọ́ra, inú rẹ̀ ni edé àti akàn ti ń tọ́mọ. Iyanrìn tí wọ́n bá dà sí i kò ní sọ fún òjò pé kó má wá mọ́, ilé aládùúgbò lẹ́yìn yín lomi yóò kọ́kọ́ yà sí, ẹ̀yin ni yóò ṣìkejì.

Bí ọkàn yín kò bá gbà, ẹ wọ bàtà rọ́bà, kí ẹ lọ síbẹ̀ lóṣù Keje, kí ẹ má mú àgẹ́ǹtì dání. Ẹ wá àwọn ìyá tó ń ṣa akàn kiri níbẹ̀, kí ẹ ra díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ wá bi wọ́n pé ibo lomi dé lọ́dún tó kọjá. Wọ́n á fọwọ́ hàn yín lára igi.