Ṣé kí n yí gbogbo int padà sí u32?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ dráífà (ètò tó ń darí ohun èlò kọ̀ǹpútà) fún Linux. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní int (irú nọ́ńbà odindi kan nínú èdè C) kò ṣe é fọkàn tán nínú kernel (ọkàn Linux), pé bó ṣe tóbi tó máa ń yàtọ̀ láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn, kí a yí gbogbo rẹ̀ sí u32. Ẹlòmíràn ní uint32_t ló dáa jù. Èwo ni kí n tẹ̀ lé? (Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Fìà, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Dáwọ́ dúró ná, má tíì yí nǹkan kan padà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ méjèèjì kò gùn. u32 àti uint32_t, ọ̀kan náà ni wọ́n: bíìtì 32, láti 0 dé 4,294,967,295, kò gba nọ́ńbà òdì. Èyí tó ń gba òdì ni s32. Kọ́ngò tí wọ́n kùn ní pupa àti èyí tí wọ́n kùn ní búlúù l'Ọjà Ọba, ìwọ̀n gààrí kan náà ni wọ́n ń gbà. Bí fáìlì tí o ń tún ṣe bá ti ń lo ọ̀kan, òun ni kí o máa lò lọ. Bí fáìlì bá jẹ́ tuntun, kọ u32.

Ohun tí wọ́n sọ fún yín nípa int ni kò tọ̀nà. Lórí gbogbo ẹ̀rọ tí Linux ń ṣiṣẹ́ lé, bíìtì 32 ni int. long ló ń yí padà: 32 lórí ẹ̀rọ oníbíìtì 32, 64 lórí oníbíìtì 64, pointer (àdírẹ́sì inú mẹ́mọ́rì) náà sì ń bá a rìn. (Lórí Windows oníbíìtì 64, long ṣì jẹ́ 32. Bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ ẹni tó kọ́ yín lójú.)

Wo ohun tí ìyípadà yẹn ń bàjẹ́. Bí nǹkan kò bá lọ déédéé, nọ́ńbà òdì ni àwọn function (ìdì kóòdù tí à ń pè láti ṣe iṣẹ́ kan) inú kernel fi ń sọ fún ọ. -ENOMEM, ìyẹn -12, ni pé mẹ́mọ́rì kò tó. -EINVAL, ìyẹn -22, ni pé ohun tí o fún un kò bójú mu. O wá kọ ọ́ báyìí:

u32 ret = ka_data(dev);
if (ret < 0)
    return ret;

-22 wọ inú u32, ó di 4,294,967,274. Ìgbà wo ni ìyẹn máa kéré sí 0? Dráífà rẹ á máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ti yọrí, á máa lo mẹ́mọ́rì tí ẹnikẹ́ni kò fún un. Kọ̀ǹpáílà (ètò tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ) lè dákẹ́ jẹ́ẹ́, àfi bí o bá tan ìkìlọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ -Wtype-limits. Lúùpù tó ń kà sẹ́yìn náà nìyẹn: for (u32 i = n - 1; i >= 0; i--). Bí i bá dé 0, tí a tún yọ 1, ó fò sókè sí 4,294,967,295. Kò ní dúró, àfi ìgbà tí kernel bá kú lé ọ lọ́wọ́.

Nítorí náà, int ni fún ret, ìyẹn èsì function. size_t ni fún bí mẹ́mọ́rì ṣe tóbi tó. u32 wà fún ibi tí iye bíìtì ti jẹ́ òfin, bíi register (àpótí kékeré tí ohun èlò ń fi nọ́ńbà sí) inú ẹ̀rọ. Dátà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa gba __be32, ti orí dísìkì sábà máa ń gba __le32, torí ètò báìtì wọn (báìtì wo ló ṣíwájú); bí o bá dà wọ́n pọ̀ mọ́ u32 lásán, make C=1 pẹ̀lú sparse (irinṣẹ́ tó ń yẹ kóòdù kernel wò) á tú ọ fó.

Ibi tí orúkọ ti ṣe pàtàkì gan-an kò sí nínú ìbéèrè rẹ: struct (àkójọ dátà lábẹ́ orúkọ kan) tó ń kọjá láàárín kernel àti prógíráàmù aṣàmúlò, pàápàá nípasẹ̀ ioctl (ọ̀nà tí prógíráàmù ń gbà pàṣẹ fún dráífà, tí àṣẹ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà). Níbẹ̀, kì í ṣe u32, kì í ṣe uint32_t. __u32 ni. Prógíráàmù òde kò mọ u32, a kò sì lè fi dandan lé e pé kó ní àwọn orúkọ C99 (ẹ̀dà èdè C tó mú uint32_t wá). Orúkọ tó bá fi ìlà ìsàlẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀, ètò èdè C ti yà á sọ́tọ̀, kò ní kọlu ti ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, orúkọ nìkan kò tó. Kọ __u32, kí o fi __u64 tẹ̀ lé e: báìtì 12 ni struct náà lórí i386 (ẹ̀rọ Intel oníbíìtì 32), 16 ni lórí x86-64 (oníbíìtì 64), torí i386 gbà kí u64 bẹ̀rẹ̀ ní báìtì kẹrin. _IOW, tó ń ṣe nọ́ńbà ioctl, sì máa ń ka bí struct ṣe tóbi tó mọ́ nọ́ńbà ioctl, nítorí náà prógíráàmù oníbíìtì 32 á pe kernel oníbíìtì 64, kernel á ní òun kò mọ nọ́ńbà yẹn rí, -ENOTTY. Fi __u32 pad (àfikún tó kàn ń dí àyè) sí àárín àwọn méjèèjì, kí o sì kọ̀ ọ́ bí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá jẹ́ 0. Má sọ pé o ti dán an wò lórí bọ́ọ̀dù ARM oníbíìtì 32 tó sì ṣiṣẹ́ o: u64 ti ibẹ̀ máa ń dúró ní báìtì kẹjọ, àṣìṣe náà kò ní hàn. pahole, irinṣẹ́ tó ń fi àyè òfìfo inú struct hàn, ni kí o fi wo struct náà.

N kò rí kóòdù rẹ, Linux nìkan sì ni mo ń sọ. Inú QEMU (ètò tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà mìíràn) ni kí o ti dán an wò, má dán an wò lórí láptọ̀ọ̀pù tí iṣẹ́ rẹ wà. Bí o bá sì ti yí wọn padà kí o tó kọ̀wé, tẹ git grep -nE 'u32 (ret|err|rc)'. Gbogbo èyí tó bá jáde, tó jẹ́ pé èsì function ló gbé dání, dá a padà sí int lónìí.