Ṣé Ẹ̀gbà Ọrùn Máa Ń Fa Ẹja Ekurá Mọ́ra?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, àbúrò mi tó fín ara sí apá fẹ́ lọ mòòkùn nínú Òkun Pupa ní Íjíbítì. Ìyá wa ní Ọ̀fà ń bẹ̀rù pé fínfín náà àti ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ yóò fa ekurá mọ́ ọn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ bá wa kí Màmá. Kí ó bọ́ ẹ̀gbà ọrùn sílé, nítorí pé bí oòrùn bá tàn sí i, ó máa ń kọ mànà bí ìpẹ́ ẹja kékeré, pàápàá nínú omi tó rú, tí ekurá sì lè ṣì í mú fún oúnjẹ. Ìdí kan náà nìyẹn tí àwọn apẹja fi ń so irin dídán mọ́ ìwọ̀. Ní ti fínfín, abẹ́ awọ ni tàdáwà rẹ̀ wà, kì í kọ mànà. Àmọ́ bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fín in, kí ó dúró títí yóò fi jinná, torí kòkòrò àrùn inú omi òkun lè gba ojú ọgbẹ́ wọlé.