Ẹ má tíì ra LED, ẹ kọ́kọ́ wo wáyà

Ẹ kú ìrìn o, ọ̀gá wa. Ẹ ní Land Cruiser 60 ni ọkọ̀ yín, ti ọdún 1986, oníná róbótó méjì. Ẹ ní iná iwájú rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tan ojú títì mọ́, pé ẹ máa ń ti Ìyànà Ìpájà lọ sí oko yín lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ sì máa ń ṣú kí ẹ tó padà. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ ra gílóòbù LED kí ẹ kì í bọ ojú iná tó wà níbẹ̀, tàbí kí ẹ pààrọ̀ ojú iná náà pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra èyíkéyìí. Irú ọkọ̀ yẹn gan-an ni mo ní, ọdún kan péré ló fi ṣàgbà tiyín, mo sì ti jìyà ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí.

Nígbà tí iná tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ riwáyà kan tí gbogbo àdúgbò ń yìn. Kò fi mítà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná, kan ohunkóhun. Ó kàn wo iná náà lọ́sàn-án gangan, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, gílóòbù yín ló kéré. 100/90 la máa kì sí i.” Ó yọ ojú iná àtijọ́, èyí tí gílóòbù àti dígí rẹ̀ jẹ́ odidi kan, ó fi èyí tó ń gba gílóòbù H4, irú èyí tí fọ́nrán dímù àti ti fúùlù wà nínú ẹyọ kan, rọ́pò rẹ̀, ó sì ki gílóòbù 100/90 náà, wáàtì 100 ní fúùlù, 90 ní dímù, bọ̀ ọ́. Wáyà tó bá níbẹ̀ náà ló lò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú títì mọ́ bí ọ̀sán. Mo tiẹ̀ fi owó lé owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni ìṣẹ̀lẹ̀ ṣẹlẹ̀. À ń bọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Èkó, èmi àti ìyàwó mi, ọmọ wa ń sùn lẹ́yìn. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù. A gun Third Mainland, mo sì tan fúùlù torí pé iná orí afárá kò tàn níbi tí a dé yẹn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n ti ń yà sí Adékúnlé nígbà tí ìyàwó mi ní, “Dádì, kí ló ń jó?” Òórùn bíi ti ọ̀rá tí wọ́n ń sun lórí ààtàn. Mo ní bóyá ọkọ̀ iwájú ni. Ìgbà tí mo fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ sítíárì, níbi tí súwíìṣì iná wà, ó ti gbóná débi pé mi ò lè fọwọ́ lé e. Èéfín tín-ín-rín kan yọ jáde. Mo yára yí i sí dímù. Iná méjèèjì kú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tí irú rẹ̀ kò bá ṣe rí kò lè mọ bó ṣe rí. Afárá yẹn lé ní kìlómítà 11, kò sì sí etí títì gidi tí èèyàn lè yà sí. Omi ọ̀sà ń bẹ ní ọwọ́ ọ̀tún mi, àwọn ọkọ̀ tó ń sáré ń bọ̀ lẹ́yìn, n kò rí irin ẹ̀gbẹ́ afárá, n kò rí ìlà funfun ilẹ̀. Danfo kan yọ sí wa lẹ́yìn, ó fọn fèrè tó fẹ́ dí mi létí, díẹ̀ ló kù kó gbá wa kó tó yà wá kọjá. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wá rọ̀ mọ́. Iná tó ń ṣẹ́jú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì ń ṣiṣẹ́ torí wáyà tirẹ̀ yàtọ̀, mo tan ìyẹn, mo sì tẹ̀ lé danfo náà títí tó fi sá mọ́ mi lójú. Ìyàwó mi na ọwọ́ sí ojú fèrèsé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ọwọ́ náà ń gbọ̀n, ó sì ń pe Ọlọ́run. Bí a ṣe rìn dé Òwòròǹṣókí nìyẹn. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn ọ̀rá tó ń jó, àyà mi a já.

Ibi tí a ti ń dúpẹ́ pé a délẹ̀ láàyè ni àwọn aláṣọ ìjọba kan ti dá wa dúró. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn máa wakọ̀ láìsí iná lóru. Òótọ́ ni, n kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n mo fi súwíìṣì tó yọ́ hàn wọ́n, mo fi ọmọ tó ń sunkún hàn wọ́n, ẹnikẹ́ni kò wò ó. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ lọ sí ọgbà wọn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi lọ tí mo fi bọ̀: owó ìtanràn lọ́tọ̀, owó ọkọ̀ tó wọ́ tèmi lọ́tọ̀, owó ibi tó sùn lọ́tọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni ti ọ̀kan nínú wọn tó pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo inú rẹ̀ fìrí, ó ní alternator, ẹ̀rọ tó ń fi iná sínú bátìrì, ló bàjẹ́. Mo gbà á gbọ́. Mo lọ ra òmíràn. Alternator mi kò ní àléébù kankan. Owó yẹn ì bá ra gbogbo wáyà àti relay, ìyẹn súwíìṣì tí iná kékeré fi ń darí iná ńlá, tí ọkọ̀ mẹ́ta máa lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yín láì fi mítà kàn án, ẹ má náwó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ì báà wọ aṣọ tó wù kó wọ̀.

Bàbá kan tó ń ṣe riwáyà ní Muṣin ló là mí lóye. Nígbà tí súwíìṣì ti ń ṣiṣẹ́ padà, ó ní kí n tan iná, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Ó wọn orí bátìrì: fóòtì 13.8. Ó wá wọn ẹ̀yìn gílóòbù níbi tí wáyà ti wọlé: 11.3. Fóòtì méjì àbọ̀ ti sọnù sínú wáyà àtijọ́, inú súwíìṣì àti ojú ẹ́ẹ̀tì, ibi tí iná ti ń gba ara irin ọkọ̀ padà sí bátìrì, tó ti dípẹtà. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù kì í dín kù bákan náà pẹ̀lú fóòtì. Bí fóòtì bá fi ìdá mẹ́wàá kan dín, ìmọ́lẹ̀ máa ń fi bíi ìdá mẹ́wàá mẹ́ta dín. Nínú tèmi, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde kò ju bí ìdajì èyí tó yẹ. Gílóòbù kò kéré. Ebi ló ń pa á.

Ohun tí riwáyà àkọ́kọ́ sì ṣe ni pé ó gbé ẹrù tó wúwo jù lé ẹni tí ebi ń pa. Gílóòbù 60/55 ń fa bíi áńpìà 5 ní fúùlù, méjèèjì jẹ́ 10. Oníwáàtì 100 ń fa ju 8 lọ, méjèèjì sún mọ́ 17. Nínú ọkọ̀ mi, gbogbo rẹ̀ ń gba inú súwíìṣì ẹ̀gbẹ́ sítíárì kọjá. Ooru tó ń jáde lára wáyà kì í bá áńpìà lọ déédéé, ó máa ń sáré jù ú lọ: láti 10 sí 17, ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Fíùsì ló yẹ kó gbà wá, àṣé ọkùnrin náà ti wé fọ́nrán wáyà mọ́ ọn kó má baà máa já. Ẹ yọ fíùsì iná yín lónìí, ẹ wò ó. Tí ẹ bá rí wáyà tí wọ́n wé mọ́ ọn, ẹ má wakọ̀ yẹn lálẹ́ títí ẹ ó fi yọ ọ́.

Iṣẹ́ gidi kò pọ̀. Relay méjì, ọ̀kan fún dímù, ọ̀kan fún fúùlù. Wáyà tó nípọn láti orí bátìrì, mílímítà 4 ni mo lò, fíùsì tirẹ̀ sì sún mọ́ bátìrì gan-an, kó má ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Lára relay, ẹsẹ̀ 30 gba iná láti bátìrì, 87 gbé e fún gílóòbù, 85 àti 86 ni ti àṣẹ tó ń bọ̀ láti súwíìṣì. Ẹ fa ẹ́ẹ̀tì tuntun sí ara bọ́dì, kí ẹ ha ọ̀dà ibẹ̀ títí irin á fi funfun. Yíyọ irin róbótó iwájú àti títú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ mọ ìyẹn.

Ibi tó máa ń dá wọn láàmú nìyí, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún riwáyà yín kó tó gé wáyà kankan. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, súwíìṣì ló ń fi iná ránṣẹ́ sí gílóòbù. Nínú Land Cruiser yìí, iná ti wà lára gílóòbù ní gbogbo ìgbà, ọ̀nà ẹ́ẹ̀tì ni súwíìṣì ń ṣí tó sì ń tì. Nítorí náà, nínú pọ́lọ́ọ̀gì àtijọ́, ẹ̀ ń wá ẹsẹ̀ tó ní iná nígbà gbogbo, kí ẹ so ìyẹn mọ́ 86 relay méjèèjì. Wáyà dímù lọ sí 85 ti ọ̀kan, wáyà fúùlù lọ sí 85 ti èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ àjọlò lára gílóòbù tuntun wá di ti ẹ́ẹ̀tì. Riwáyà tí kò mọ̀ èyí á fi odidi ọjọ́ kan já fíùsì, á sì ní ọkọ̀ yín ló burú.

Ohun tí ẹ bi mí gan-an ni LED. Tí wọ́n bá ní kí ẹ ki gílóòbù LED bọ ojú iná tí wọ́n ṣe fún H4, ẹ kọ̀. Abọ́ tó ń dán nínú ojú iná yẹn, wọ́n ṣe é fún fọ́nrán kékeré kan tó wà ní ibì kan pàtó, àwo irin kékeré kan sì wà lábẹ́ fọ́nrán dímù tó ń ge ìmọ́lẹ̀ kó má baà lọ sókè. LED kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa fọ́n ká sí ojú ẹni tó ń bọ̀, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn sítíárì á rò pé ẹ ń ríran, ohun tó wà níwájú yín jìnnà kò sì ní hàn. Tírélà tí ojú awakọ̀ rẹ̀ fọ́ lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin ló máa gbá. Iná búlúù fúùlù lójú dáṣíbọ́ọ̀dù náà lè máa ṣe ségesège nítorí ọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀tì tí mo sọ lókè. Odidi ojú iná LED tó ní abọ́ tirẹ̀ yàtọ̀, tí àmì E, tó ń fi hàn pé ó bá ìlànà iná ọkọ̀ ti ilẹ̀ Yúróòpù mu, bá wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fún yín, ojú iná H4 onídígí, ínǹṣì 7, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti Land Rover Defender, pẹ̀lú gílóòbù 60/55 tó dára, tó. Hella ń ṣe é, Koito náà ń ṣe é. Mo ti ń wakọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà yẹn, mítà ka 13.5 lẹ́yìn gílóòbù.

Tí ẹ bá lọ rà á ní Ládípọ̀, ẹ má gbé ojú iná tòkunbọ̀ tó wá láti Japan tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sílé. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wà lọ́hùn-ún. Àwa ti kó sí ọwọ́ ọ̀tún láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Dímù tiwọn máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀ sí apá òsì kó lè tan etí títì tiwọn. Níbí, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló máa lọ tààrà. Ẹ dojú kọ dígí náà: tí ẹ bá rí ọfà lára rẹ̀ tó na sí ọwọ́ ọ̀tún yín, ti ọwọ́ òsì nìyẹn, ẹ dá a padà. Olórí méjì dára. Èyí tí kò ní ọfà, tó sì ní àmì E, tiwa nìyẹn. Òǹtajà á ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan dígí gílóòbù H4, òróró ìka máa ń jẹ́ kó tètè bẹ́. Rọ́bà tó ń bo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jù ú nù; ojú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ajáh lásìkò òjò, omi a máa dé ibẹ̀, abọ́ inú á sì dípẹtà. Iná gbọọrọ orí rúùfù tí ẹ dárúkọ, ẹ fi sílẹ̀ fún inú oko nìkan, kí ó ní relay tirẹ̀, kí ẹ sì bò ó tí ẹ bá ti dé títì.

Ẹ tún iná tò lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ gbé ọkọ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà 10, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ wọn gíga àárín iná láti ilẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà bẹ́ẹ̀ sára ògiri. Etí òkè dímù gbọ́dọ̀ wá sísàlẹ̀ ìlà yẹn ní bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Kí irú ẹrù oko tí ẹ sábà ń kó wà nínú bùùtù nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, torí ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn máa ń gbé imú ọkọ̀ sókè.

Ní Sátidé yìí, ẹ yá mítà, ẹ tan iná, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ wọn orí bátìrì, ẹ sì wọn ẹ̀yìn gílóòbù méjèèjì. Ẹ kọ nọ́mbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbí kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Màá wò ó, màá sì sọ ibi tí fóòtì yín ń sọnù sí.