Iye Ìwé Tí A Pín Kọ́ Ni Ìwọ̀n Àǹfààní Tí A Ṣe

Ìbéèrè: Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Yàgbà pín ìwé kíkà fún 600 ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn tó yege ìdánwò àṣewọlé girama sì pọ̀ sí i. Àwọn tó ń dáwó fún wa láti Àbújá ń béèrè ẹ̀rí. Kọ̀ǹsọ́tàǹtì kan tí kò tíì dé ìlú wa rí ní tí a bá san ₦350,000, òun yóò ṣírò rẹ̀ jáde pé náírà kan tí a ná mú àǹfààní náírà mẹ́jọ wá. Ṣé ká gbà fún un? (Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìsánlú)

Ìdáhùn: Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ má san owó náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni irú ìbéèrè yìí ti dé ọwọ́ mi láti Kàbbà títí dé Yàgbà, inú sì ń bí mi sí i, nítorí owó ìwé ọmọ ni àwọn ẹlẹ́tàn wọ̀nyí ń gbà.

Ọ̀nà ìṣirò tí ó fẹ́ tà fún yín, tí wọ́n ń pè ní SROI (Social Return on Investment, ìyẹn ṣíṣírò iye àǹfààní tí owó tí a ná mú bá àwùjọ), kì í ṣe irọ́ ní ti ara rẹ̀. San Francisco ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ṣùgbọ́n òfin ìṣirò náà ni pé kí a kọ́kọ́ yọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí a kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan, kí a sì yọ ipa àwọn ẹlòmíràn kúrò. Ẹni tí ó ti mọ̀ pé mẹ́jọ ni èsì kí ó tó wọ kíláàsì kan ní Ìsánlú kò ṣírò ohunkóhun.

Èyí tí ó jẹ mí lógún jù ni pé ẹ̀yin fúnra yín so ìwé tí ẹ pín pọ̀ mọ́ yíyege àwọn ọmọ. Pínpín ìwé jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Àǹfààní ni àyípadà tí ọmọ kì bá tí ní bí ẹ kò bá wá. Ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà ní àwọn ọdún 1990, Michael Kremer, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé tí ó gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú Abhijit Banerjee àti Esther Duflo ní 2019, bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé irú iṣẹ́ yìí gan-an. Nínú 100 ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ṣẹ́ ìbò mú 25 tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní ìwé, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn yòókù. Ìwé dé ọwọ́ àwọn ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n máàkì wọn lápapọ̀ kò gòkè. Àwọn tó ti mọ̀wé dáadáa tẹ́lẹ̀ ló jàǹfààní, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, èdè kẹta sì ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ ro ọmọ tí ó ń sọ Yàgbà nílé, tí tíṣà ń fi Yorùbá ìwé là á yé, tí ìwé tiyín sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Yíyege tó pọ̀ sí i náà lè wá láti ọ̀dọ̀ tíṣà tuntun, tàbí ìdánwò tó rọrùn, tàbí owó kaṣú tó jẹ́ kí òbí lè san owó ẹ̀kọ́ àfikún (lẹ́sìn).

Níwọ̀n bí ìwé kì í ti í kárí, ẹ ṣẹ́ ìbò láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ pín in. Kí ẹ tó pín in, ẹ ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, níbi tí ẹ ó fún àti níbi tí ẹ kò ní tíì fún, ka ojú ewé kan sókè; ẹ tún ṣe é lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ wo rẹ́jísítà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n oṣù kan náà ni kí ẹ fi wé ara wọn: ọmọ tó ń ṣa kaṣú lóko ní oṣù kẹta kò lè wà ní kíláàsì bí ti oṣù kẹwàá. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá ju mẹ́fà lọ, ẹ̀rí náà kò ní lágbára púpọ̀. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Àbújá.

N kò tíì rí àkọsílẹ̀ yín, nítorí náà ìmọ̀ràn gbogbogbòò ni èyí. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ kankan sínú ìròyìn láìgba àyè lọ́wọ́ òbí, nítorí òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023. Lọ́yà ni kí ẹ bi ní ti ìyẹn. Ẹ fi ojú ewé tí àwọn ọmọ yóò kà ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, n ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́.